Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà: ẹ ṣọ́ra fún “ọ̀fẹ́” àwọn oníṣọ́fítíwíà owó orí, ẹ sì sá fún bọ̀ọ̀dá tó ní òun máa bá yín ṣe é lórí WhatsApp

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi W-2 yín (ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ iye tó san fún yín lọ́dún) ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, ẹ ka èyí tán ná. Àsìkò owó orí ti dé, àwọn tó ń jẹun lórí àìmọ̀ wa náà ti jáde. Ìsọ̀rí méjì ni wọ́n. Àwọn kan ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kọ “ọ̀fẹ́” gàdàgbà sójú ìpolówó, tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá tẹ gbogbo ìwé rẹ̀ tán ni iye owó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọjú. Àwọn kejì, tó burú jù wọ́n lọ, ni bọ̀ọ̀dá tàbí àǹtí inú gúrúùpù wa tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń fa refund ńlá (owó orí tí ìjọba ń dá padà) jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì mọ̀ ni pé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣí lórí fóònù yín ni àwọn kejì yìí ń lò. Wọ́n kàn ń gbowó lé e lórí ni.

Ọ̀rọ̀ arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú mi kọ èyí, ó sì ní kí n kọ ọ́. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, W-2 kan ṣoṣo ló ní, ó sì ní ọmọ méjì. Ìwé tirẹ̀ ò le rárá. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún un, onítọ̀hún gba dọ́là 350, ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Ìgbà tí lẹ́tà IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, dé ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é kiri pé kó fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sóun. Nígbà tó rí i gbà, ó gbé e wá fún mi.

Mo wo ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì Form 1040, ìwé owó orí gan-an, níbi tí ẹni tó bá gbowó ṣèwé fúnni gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti PTIN rẹ̀ sí, ìyẹn nọ́ńbà tí IRS fi ń dá aṣèwé mọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni “Self-Prepared”. Lójú ìjọba, arábìnrin yìí ló jókòó tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Mo tún ṣí i síwájú, mo bá Schedule C, níbi tí wọ́n ń kọ èrè tàbí àdánù iṣẹ́ tara ẹni sí: ilé ìṣerun, ó sì pàdánù ẹgbẹ̀rún dọ́là 9 lọ́dún. Ilé ìṣerun! Obìnrin tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń bá a di irun orí tirẹ̀. Mo padà sí ìlà 35d, níbi tí nọ́ńbà àkáǹtì tí refund máa wọ̀ wà. Nọ́ńbà náà kì í ṣe tirẹ̀. Àkáǹtì ọkùnrin náà ni owó wọ̀, ó yọ ohun tó wù ú, ó wá fi Zelle ju ìyókù sí i. Dọ́là 350 tó kọ́kọ́ gbà ò wá sí nínú ìyẹn o.

Òfin sọ pé ẹni tó bá gbowó láti ṣe ìwé owó orí fúnni gbọ́dọ̀ ní PTIN, kó sì buwọ́ lu ìwé náà. Ẹni tó bá gbowó tí kò buwọ́ lù ú, ghost preparer ni IRS ń pe irú wọn. Ìdí tí wọn ò fi ń buwọ́ lù ú kò ju pé kí ẹjọ́ wà lọ́rùn yín nìkan. Ó sì wà lọ́rùn yín lóòótọ́, torí ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni yóò jẹ́jọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹni yòówù kó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ ò bìkítà fún òfin nígbà tí ẹ ń gba EITC (owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀), IRS lè ní kí ẹ má gbà á mọ́ fún ọdún 2. Bí wọ́n bá ní jìbìtì lẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ọdún 10 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dúró de ìwé ọmọ ìlú, ẹ rántí pé N-400, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń tọrọ rẹ̀, ń béèrè ọ̀rọ̀ owó orí. Mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ bí èyí dá dúró lójú ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́.

Ohun míì tí wọ́n fẹ́ràn ni pé kí ẹ dárúkọ màmá yín ní Ìbàdàn tàbí àbúrò yín ní Ṣàgámù, káwọn kó wọn sínú ìwé pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ bùkátà wọn. Ẹ má dán an wò. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ bùkátà wọn ní tòótọ́, èmi náà ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Àmọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì gbé Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò, kò ṣeé kọ síbẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá ní ó ṣeé ṣe, yálà kò mọ iṣẹ́ tàbí olè ni.

Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa bá yín ṣe é, ẹ béèrè PTIN rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye tó ń gbà. Ẹ bi í bóyá ó máa buwọ́ lù ú. Bó bá ní iye tóun máa gbà dúró lórí bí refund bá ṣe pọ̀ tó, ẹ dìde ńlẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ sí IRS, ẹ rí i pé àkáǹtì yín ló wà ní ìlà 35d, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé náà látòkè délẹ̀, kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ó sún yín pé “ẹ jẹ́ kó yá, kí refund lè tètè jáde.” Bí EITC bá wà nínú ìwé yín, òfin ò gba IRS láyè láti dá owó náà padà ṣáájú àárín oṣù kejì ọdún, ì báà jẹ́ ta ló ṣe é fún yín.

Ó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn ò jí refund yín gbé, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ọgbọ́n tiwọn ni kí wọ́n jẹ́ kí ó rẹ̀ yín kí wọ́n tó dárúkọ owó. Ẹ ti tẹ SSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún wọn) àwọn ọmọ, ẹ ti ya fọ́tò W-2, refund ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lókè ojú fóònù, inú yín ń dùn. Ẹ wá tẹ 1099-NEC kékeré kan, ìwé owó iṣẹ́ tara ẹni, sí i, torí pé ẹ gbé oúnjẹ fún DoorDash fún ìgbà díẹ̀. Kíá, ojú ewé míì já lu èyí tí ẹ wà: ọ̀fẹ́ ò gba irú èyí, ẹ bọ́ sí Deluxe tàbí Premium.  Ẹlòmíì, 1095-A tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nítorí ìbánigbófò ìlera tó rà lọ́jà ìjọba ni wọ́n á fi mú un. Aago méjìlá òru ti lù, ọ̀la ni ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tí àsìkò ń parí, ta ló fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níbòmíì? Ẹ ó san án ni.

Kì í ṣe àròsọ tèmi o. Ní 2022, Intuit tó ni TurboTax gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 141, lẹ́yìn tí gbogbo ìpínlẹ̀ 50 àti Washington DC fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ìpolówó ọ̀fẹ́ fa àwọn tó yẹ kí wọ́n rí i ṣe láìsan kọ́bọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti sanwó. Ilé iṣẹ́ náà ò gbà pé òun jẹ̀bi, àmọ́ ó san án. Nǹkan bí dọ́là 30 ló kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rí nínú owó náà gbà, ẹ fi wé iye tí wọ́n ti san. Ní 2024, H&R Block náà gbà láti san mílíọ̀nù 7 lórí ẹjọ́ tí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, pè é. Lára ẹ̀sùn ibẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá fẹ́ padà sí èyí tí kò wọ́n, gbogbo ohun tó ti tẹ̀ ni wọ́n á pa rẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ ti tán lókun ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń mú.

Ẹnu ọ̀nà tòótọ́ wà, àmọ́ kò sí nínú ìpolówó. Láti 2003 ni Free File, ètò tí àwọn ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà fi ń jẹ́ kí èèyàn ṣèwé lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà lórí IRS.gov. Ẹni tí AGI rẹ̀ (owó tó wọlé lẹ́yìn àwọn àyọkúrò kan tí òfin gbà) lórí owó tó wọlé ní 2025 kò bá ju dọ́là 89,000 lọ lè gba ibẹ̀ wọlé, iye yìí sì máa ń yí padà lọ́dọọdún, ẹ wò ó lójú IRS fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la wà nísàlẹ̀ iye yẹn. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a máa ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sínú Google, ó máa gbé wa lọ sí ojú ìtajà wọn, a ó sì rò pé Free File náà nìyẹn. Kì í ṣe òun. Ilé iṣẹ́ kan náà lè wà nínú Free File kó tún ní “ọ̀fẹ́” tirẹ̀ lọ́tọ̀, òfin méjèèjì ò sì dọ́gba. Àyàfi tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti IRS.gov, tí ẹ tẹ línkì ilé iṣẹ́ náà láti ibẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọjọ́ orí àti ìpínlẹ̀ tó ń gbà, kí ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó yan èyí tí ẹ máa lò.

Àwọn kan tún ń pín línkì “Direct File” kiri. Direct File, ètò ṣíṣe ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ IRS fúnra rẹ̀, wà lóòótọ́ nígbà kan: ìpínlẹ̀ 12 ló kọ́kọ́ lò ó ní 2024, ó di 25 ní 2025. Wọ́n ti pa á tì, kò sí fún àsìkò owó orí 2026. Ẹni tó bá fi línkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín báyìí, SSN yín ló ń wá. Bákan náà, IRS kì í ṣàdédé fi tẹ́ẹ̀sì tàbí ímeèlì kàn sí yín pé refund yín wà ńlẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ.

Ìwé ìpínlẹ̀ náà, ẹ ṣọ́ ọ. Àwọn sọ́fítíwíà kan máa ṣe ti ìjọba àpapọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n á fi gbowó. Bẹ́ẹ̀ ni FreeTaxUSA ṣe ń ṣe, mi ò sì bínú sí i torí kò fi pamọ́, owó ibẹ̀ ò sì pọ̀. Àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan ní ojúlé ọ̀fẹ́ tiwọn: MyTax Illinois wà fún ẹ̀yin ará Chicago, CalFile wà ní California. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston àti Dallas, Texas kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́ rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta “ti ìpínlẹ̀” fún yín. Nígbà tó bá sì kan bí ẹ ṣe máa san owó sọ́fítíwíà, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ káwọn yọ ọ́ lára refund. Ó dà bí oore. Owó míì ni wọ́n ń gbà fún ìyẹn nìkan, refund yín á sì kọ́kọ́ gba báǹkì tiwọn kọjá. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ san, ẹ fi káàdì san án.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó o. Ẹni tó ní ilé ní Lẹ́kkí tí àwọn ayálégbé ń gbé, tó sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí oní-green card, gbọ́dọ̀ ka owó ilé náà mọ́ owó tó wọlé fún un. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta lọ́dún kan, tàbí ẹni tó ní iṣẹ́ tara rẹ̀ tó ń ra ọkọ̀ àti ẹ̀rọ fún un, sọ́fítíwíà olówó tàbí CPA (oníṣirò owó tó ní ìwé àṣẹ) tó buwọ́ lùwé tọ́ sí i. Tèmi ni pé W-2 kan àti ọmọ méjì kò tó ohun tí à ń san dọ́là 350 fún. Bí ojú kò bá gba kọ̀ǹpútà, VITA wà. Àwọn olùyọ̀ǹda tí IRS kọ́ níṣẹ́ ló ń ṣe é, ní láíbìrì àti gbọ̀ngàn àdúgbò, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ju iye kan lọ (nǹkan bí dọ́là 67,000 ni ní àsìkò 2025). TCE, irú ètò ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, wà fún ẹ̀yin tí ẹ ti pé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti káàdì SSN gbogbo ilé dání, wọn ò ní ṣe é láìrí i.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ àkáǹtì yín ní Nàìjíríà. Bí gbogbo àkáǹtì yín lókè òkun, náírà àti dọ́mì pa pọ̀, bá ju dọ́là 10,000 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, FBAR, ìwé tí wọ́n fi ń kéde àkáǹtì òkè òkun, ti kàn yín nìyẹn. Kì í bá ìwé owó orí lọ sí IRS. Ojúlé FinCEN, ẹ̀ka ìjọba míì, ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo ti gbọ́ ẹni tó ń gba dọ́là 200 lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún tẹ́lẹ̀, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ wá CPA tàbí enrolled agent (aṣèwé owó orí tí IRS fún láṣẹ) tó dájú kí ó bá yín tún ìwé náà ṣe. Form 14157 ni wọ́n fi ń fẹjọ́ irú aṣèwé bẹ́ẹ̀ sùn, 14157-A sì wà fún ibi tó bá ti yí ìwé padà tàbí darí refund láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ tọrọ IP PIN lórí àkáǹtì IRS yín, nọ́ńbà mẹ́fà ni, kí ẹlòmíì má lè fi SSN yín ṣèwé mọ́.

Ọkùnrin tí mo sọ yìí ti yí nọ́ńbà padà, ó ti tún wọ àwọn gúrúùpù míì pẹ̀lú fọ́tò owó dọ́là tí wọ́n tò jọ àti ọ̀rọ̀ “refund tó pọ̀ jù, ẹ ò nílò W-2.” Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú gúrúùpù yín, ẹ pe ádímínì kí wọ́n yọ ọ́ lónìí, kí ẹ sì ya fọ́tò ohun tó kọ síbẹ̀ pa mọ́ kí ó tó pa á rẹ́. Ẹ ó nílò rẹ̀ fún 14157.