Ìwé ọkọ̀ pé, ọ̀rọ̀ kò pé: àgbéyẹ̀wò ibi tí mo ti ra Corolla tòkunbọ̀ ní Berger

Ibi tí mo ti ra Toyota Corolla ọdún 2010 wà lára àwọn ọjà ọkọ̀ tó tò lọ bẹẹrẹ ní Berger, lójú pópó tó lọ láti Òṣòdì sí Àpápá. Mo ń kọ èyí nítorí pé àwọn tó ni ọjà náà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn kì í ṣe, wọ́n sì tún fi ohun kan pa mọ́ tí kò yẹ kí oníṣòwò fi pa mọ́ fún ẹni tó fẹ́ná owó rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwé. Kí n tó san kọ́bọ̀, wọ́n jẹ́ kí n da nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ náà kọ, ìyẹn àmì 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, tó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Wọ́n gbé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù jáde, mo sì fi wọ́n wéra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí i pé wọ́n bá ara wọn mu. Èyí ṣe pàtàkì, torí láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, síbẹ̀ ọkọ̀ tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láti Kútọnu ṣì ń dé ọjà, bí àwọn aṣọ́bodè bá sì dá irú rẹ̀ dúró lójú títì, ẹni tó ń wà á ni wọ́n máa bá wí, ẹni tó tà á kò ní sí níbẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà ṣásí náà sórí rìsíìtì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Mo kan sáárá sí wọn fún èyí. Ti àwọn alágbàtà tó ń sọ ọjà dọ̀wọ́n lẹ́nu géètì, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ wọlé tààrà.

Àárọ̀ kùtù ni èmi àti mẹkáníìkì mi débẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti mú gbóná de oníbàárà lè bo ọ̀pọ̀ àìsàn mọ́ra. Ẹ́ńjìnnì àti jíà kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mẹkáníìkì yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ṣáná, gbogbo iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló tàn, àfi ti ẹ́ábàágì. Iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́ kí àléébù má baà hàn. Ọmọkùnrin tó ń bá wa nájà ní, “Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù rẹ̀ ló jó, kò níṣòro míì.” Mo fi nọ́ńbà ṣásí náà wo ìtàn ọkọ̀ ọ̀hún lórí Carfax, ìkànnì tó ń kó ìtàn ọkọ̀ Amẹ́ríkà jọ, mo sì rí i pé ó ti fi iwájú kọlu nǹkan ní Amẹ́ríkà, tí ẹ́ábàágì rẹ̀ sì ti bẹ́. Ìgbà tí mo fi han ọ̀gá wọn ló tó gbé fọ́tò ibi gbàǹjo tí wọ́n ti rà á jáde lórí fóònù rẹ̀. Ó ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni pé èmi ni mo mú mẹkáníìkì wá, kí n fi ojú ara mi rí ohun tí mo bá rí. Ìdajì òtítọ́ lèyí. Òfin ọjà títà tí à ń lò, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wá láti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, sọ pé bí olùrà bá ti yẹ ọjà wò, kò lè tìtorí àléébù tó yẹ kí àyẹ̀wò yẹn fi hàn án padà wá bá oníṣòwò fà á. Nítorí náà, ọrùn olùrà ni ti táyà tó ti gbó wà, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT ara rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bákan náà ni ti ọkọ̀ tí omi ti bò rí: ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò olùrà tó sọ irọ́ oníṣòwò di òtítọ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí à ń pè ní ti ọdún 2018, ka fífi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà tajà léèwọ̀, àjọ FCCPC sì wà láti gba ẹ̀sùn, bí LASCOPA ṣe wà fún ti ìpínlẹ̀ Èkó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìjà. Ó yọ iye tí ẹ́ábàágì tuntun máa ná mi kúrò nínú owó ọkọ̀, ó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá rí, lábẹ́ ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà.

Ti nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì, iṣẹ́ olùrà ni. N kò retí pé kí wọ́n bá mi ṣe é.

Mo lè rán ẹbí mi lọ rajà níbẹ̀, bí ó bá mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, tó sì gbà pé kí wọ́n kọ ìdáhùn sí ìbéèrè nípa jàǹbá sílẹ̀ kó tó sanwó. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò náà kò nira: fọ́tò gbàǹjo yẹn ti wà lórí fóònù wọn kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ní Àpápá, kí wọ́n fi han oníbàárà kó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.