Táyà kan ṣoṣo fún ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi ní Ring Road, Ìbàdàn

Ọkọ̀ tí mò ń wà ni Toyota RAV4 ọdún 2010, irú èyí tí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn jọ ń gba agbára láti inú ẹ́ńjìnnì, tí àwa ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni kòtò kan ti gba ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, tí ẹ̀gbẹ́ táyà náà ya débi pé okùn inú rẹ̀ yọ síta. Fọkanáísà tó mọṣẹ́ kì í lẹ ẹ̀gbẹ́ táyà. Ojú tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lẹ̀. Táyà kan wá di dandan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù kò tíì gbó. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Èkejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ kò ní mọ ohun tí mo rí tí mo fi ń yin èkejì.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n ka nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìyẹn 225/65R17, wọ́n gbé tuntun kan jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, wọ́n dè é, mo sanwó, mo sì bá tèmi lọ. Kò sí ẹni tó wo àwọn mẹ́ta tó kù. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti wakọ̀ tó wákàtí kan, iná AWD, ìyẹn iná ìkìlọ̀ fún fọ́ọ̀-wíìlì, á tàn níwájú mi. Bí mo bá gúnlẹ̀ tí ọkọ̀ náà sì tutù, iná á kú. Mẹkáníìkì mi ní gíà ló ń bàjẹ́, ó sì ti ń múra àtisọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sówó lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà.

Alábàáṣiṣẹ́ mi kan tó ń wa Subaru ló júwe ṣọ́ọ̀bù kejì fún mi, ní Ring Road. Mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá pàdé mi ti lóṣòó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó yọ irinṣẹ́ kékeré kan tó dà bíi bírò nínú àpò rẹ̀, ó ń tì í bọ àárín eyín táyà, ní ibi mẹ́ta lára táyà kọ̀ọ̀kan, nínú, láàárín àti níta, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó bá rí sára rẹ̀. Eyín àwọn mẹ́ta àtijọ́ jìn ní mìlímítà 4 tàbí kó fi díẹ̀ lé e. Ti tuntun jẹ́ 8. Ó nàró, ó nu ọwọ́, ó sì bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ta ló bá yín de eléyìí?”

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣòro láti ṣírò. Táyà tí eyín rẹ̀ ti jẹ kò ga tó tuntun, nítorí náà ó ní láti yí ju tuntun lọ kí àwọn méjèèjì tó rìn dé ibì kan náà. Bí 225/65R17 bá ṣì tuntun, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 724, ó sì máa ń yí bí ìgbà 439 nínú kìlómítà kan. Bí mìlímítà 4 bá jẹ kúrò lára eyín rẹ̀, ó di bí ìgbà 444. Yíyí márùn-ún kò jọ nǹkan kan létí, àmọ́ nínú 100 kìlómítà, tó sún mọ́ ìrìn Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti ń lọ sí 500. Lórí ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fà á, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé ńṣe ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé ti iwájú. Lórí tèmi, coupling kan, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wà níwájú differential ẹ̀yìn (àpótí tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì). Àwọn àwo pẹlẹbẹ inú coupling náà máa ń fún mọ́ra nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá rò pé ẹsẹ̀ iwájú ń yọ̀. Táyà tuntun tó ga lẹ́yìn kò yí tó ti iwájú, kọ̀ǹpútà sì ń kà á bí ẹni pé inú ẹrẹ̀ ni mo wà, nígbà tó jẹ́ pé orí ọ̀dà gbígbẹ ni mo ti ń wakọ̀. Bí àwọn àwo náà ṣe ń fún mọ́ra tí wọ́n sì ń ha ara wọn láìsinmi ni ooru ń pọ̀, títí kọ̀ǹpútà fi yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nínú iṣẹ́ tó sì tan iná. Kò sí ohun tó ṣe gíà tí mẹkáníìkì mi fẹ́ tú.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló le bákan náà. Subaru ní kí àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má fi ju ìdámẹ́rin ínṣì kan lọ yàtọ̀ síra, èyí tó jẹ́ pé bí eyín bá ti fi mìlímítà 1 péré yàtọ̀ ni ó ti dé ojú ààlà. Ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́rin tí wọ́n dè mọ́ tèmi kò ní bá a lára mu rárá.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, àgbà obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn tábìlì tí kò sì pariwo, to ọ̀nà tó wà sílẹ̀ fún mi láìfi ipá ta ohunkóhun. Mẹ́rin tuntun ló dára jù, òun ló sì wọ́n jù. Méjì tuntun, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ gbà pé ó jẹ́ àárín méjì, kò ní tán ìṣòro fún ọkọ̀ bíi tèmi, nítorí pé ṣe ni yóò gbé gbogbo ìyàtọ̀ náà sáàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Tókunbọ̀ wà níta lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n táyà àlòkù wà nínú ohun tí ìjọba kò gbà kí wọ́n kó wọ Nàìjíríà, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ oòrùn tó ti pa á. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń fá ojú táyà tuntun títí yóò fi bá àwọn tó kù dọ́gba. Ó ní òun kò ní irú rẹ̀, òun kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ ṣe é.

Lẹ́yìn náà ló rán ọmọkùnrin yẹn wọ inú ilé. Ohun tó gbé jáde ni ó jẹ́ kí n máa kọ èyí. Oníbàárà kan ti wá síbẹ̀ rí pẹ̀lú irú ìṣòro tèmi gan-an, ó ra mẹ́rin tuntun, ó sì fi mẹ́ta tí kò ní àbùkù sílẹ̀ fún wọn láti dín owó rẹ̀ kù. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ni ọmọkùnrin náà gbé jáde. Irú kan náà ni pẹ̀lú àwọn tèmi àtijọ́, orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà, àwòrán eyín kan náà, mìlímítà 4.5. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, jẹ́ 2322, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Kí ènìyàn tún rí táyà tó bá tàtijọ́ mu délẹ̀ báyìí kò rọrùn mọ́ nílẹ̀ yìí, nítorí pé Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ohun tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé dé ni à ń rà, ìyẹn sì lè yàtọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Owó tí mo san kò tó ìdajì owó táyà tuntun kan, wọ́n sì fi bálánsì kún un. Kí wọ́n tó dè é, wọ́n ti í bọ inú omi, wọ́n sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ bóyá wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí. Tuntun ti ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ di sípíà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti pẹ́ débi pé ó ti ń sán. Mo tún pààrọ̀ ọ́ìlì differential ẹ̀yìn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi. Ó dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Oṣù méjì ti kọjá, mo ti lọ Ògbómọ̀ṣọ́ mo sì ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iná AWD kò tàn mọ́.

Mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Mo dúró fún wákàtí mẹ́ta, torí pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ irinṣẹ́ ìwọneyín yẹn lò. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi dì àwọn nọ́ọ̀tì le. Wọn kò ní sípánà tó ń wọn bí ó ṣe le tó, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo tún wọn dì nílé. Wọn kì í ṣe àláímẹ́ǹtì níbẹ̀. Ní ti rìsíìtì, “táyà 1” ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Àfìgbà tí mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fi mìlímítà àti nọ́ńbà DOT kún un, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé yẹn ni yóò wúlò jù lọ́wọ́ mi bí táyà mìíràn bá tún bàjẹ́.

Méjì ló kù nínú àwọn mẹ́ta náà nígbà tí mo fẹ́ máa lọ. Mo bẹ ọ̀gá pé kí ó bá mi fi ọ̀kan pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í fi táyà pamọ́ fún ẹni tí kò tíì sanwó.