Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta sátífíkéètì afẹ́fẹ́: owó tèmi ti lọ, kí tiyín má lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń ṣe sáfẹ́tì ní Ọ̀tà, Àgbárá, Ìkòròdú àti níbi gbogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa eruku àti èéfín kúrò níbi iṣẹ́. Èmi ti san án. ₦185,000 ni, owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Bébà tí wọ́n fi fún mi kò ṣe é fi di ẹ̀pà.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga àti tábìlì ni mo wà. Ẹ̀rọ ayùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, a sì ń jẹ eruku pákó bí ẹní jẹ gàrí. Ẹnìkan gbé fláyà kan sórí WhatsApp: ọjọ́ márùn-ún ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìkẹjà, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀, ẹ ó fọwọ́ ara yín kan ẹ̀rọ, ẹ ó sì gba sátífíkéètì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, OSHA àti ACGIH ti Amẹ́ríkà, àti P601 ti BOHS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ ní Britain, tó wà fún àyẹ̀wò irú ẹ̀rọ yìí. ₦420,000 ni iye rẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá san án kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ₦185,000 ni. Ojú mi wọ P601 yẹn. Ọ̀pọ̀ wa ló ní japa lọ́kàn, òfin Britain sì ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, kí àyẹ̀wò kan sí èkejì má ju oṣù 14 lọ. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn onígbàjúẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin tó gbé e ń pè mí ní "ọ̀gá mi" ní gbogbo gbólóhùn. Akáǹtì tó fi ránṣẹ́, orúkọ èèyàn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Mo rí i o. Mo bi í, ó ní akáǹtì ilé-iṣẹ́ ń ní wàhálà lọ́sẹ̀ yẹn. Mo sì san án. Níbi tí èmi ti jẹ̀bi ara mi nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì ò ṣeé ṣe mọ́, Zoom ni. Ọjọ́ márùn-ún di ọjọ́ méjì, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Olùkọ́ ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún wa bí ẹní ń ka ìkéde òkú lórí rédíò. Àmì funfun kan wà ní igun gbogbo ojú ìwé, mi ò kọ́kọ́ bìkítà. Ìgbà tó di ojú ìwé bí ogójì, ó gbàgbé láti lẹ àmì funfun mọ́ ọ̀kan, mo sì rí ohun tó ń bò mọ́lẹ̀: OHTA, W505. Àjọ tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìlera ibi iṣẹ́ ni OHTA, W505 sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wà á sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ gidi náà ń lò ó, ìyẹn kò burú. Ohun tí a ń sanwó fún ni olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n àti ìdánwò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A ò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó ń kọ́ P601 gbọ́dọ̀ di ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára afẹ́fẹ́ mú, kó ti ọ̀pá kékeré bọ inú páìpù ńlá láti mọ bó ṣe ń fà tó, kó tú èéfín díẹ̀ síwájú ẹnu páìpù kó sì fojú ara rẹ̀ rí ibi tó ń gbà lọ. Tiwa, fídíò YouTube ni wọ́n fi hàn wá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìdánwò? Ìbéèrè mẹ́wàá lórí Google Form. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ òdì sí mẹ́ta. 100 ni wọ́n fún mi.

Bó bá ṣe owó nìkan ló lọ ni, ǹ bá dákẹ́. Olùkọ́ yìí sọ fún wa pé bí fáànù bá ti lágbára, ibi yòówù kí ẹnu páìpù wà, eruku á wá a wá. Mo gbà á gbọ́. Mo lọ bá máníjà wa, mo ní ká gbé ẹnu páìpù ayùn kẹta sókè tó mítà kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè ráyè na ọwọ́. Wọ́n gbé e.

Ọjọ́ kẹta, bàbá tó ń ti pákó sí ayùn náà, ẹni tó tó bàbá í bí mi, pè mí. "Ọ̀gá sáfẹ́tì, ẹ wá wo nǹkan." Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni eruku ti ń jó bí eéṣú. Bàbá fi ìka fa ilà kan sí apá ara wọn, ilà náà sì dúdú láàárín eruku tó funfun. "Nígbà tí ẹnu páìpù wà nísàlẹ̀, mi ò kì í rí irú èyí." Wọ́n wúkọ́. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fojú sí. Eruku pákó yìí kan náà ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn.

Ẹnjiníà tó to ẹ̀rọ náà ló là mí lóye. Wọ́n mú mi lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n tan àbẹ́là (kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù o, eruku pákó ń gbaná). Wọ́n ní kí n fẹ́ ẹ láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Mo fẹ́ ẹ, ó kú. Wọ́n tún un tàn, wọ́n ní ó yá, dúró síbẹ̀ náà kó o fi ẹnu fa afẹ́fẹ́, kó o fi ìfà pa á. Mo fà á títí àyà mi fi fẹ́ bẹ́. Iná náà ò mì. Bí ẹnu páìpù bá fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tó sì jìnnà sí eruku ní 20 sẹ̀ǹtímítà péré, agbára ìfà tó kù níbẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Afẹ́fẹ́ tí à ń fẹ́ jáde ní tirẹ̀ lè rìn tó ìlọ́po 30 fífẹ̀ ẹnu páìpù kó tó rọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹnu páìpù fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ eruku bí ọmọ ṣe ń sún mọ́ ọmú. Ohun tó yẹ kí n ti gbọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán olùkọ́ kan wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ àbẹ́là yìí lórí fóònù.

Ẹ tún gbọ́ ti sátífíkéètì. Ohun tí wọ́n kọ sórí tèmi ni "OSHA Certified". Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà ni OSHA, kì í pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Káàdì wákàtí 10 àti ti wákàtí 30 wà lóòótọ́, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n fún láṣẹ, àmọ́ OSHA fúnra rẹ̀ ló ní kì í ṣe ìwé àmọ̀dájú. ACGIH ní tirẹ̀, ìwé wọn ni àwọn ẹnjiníà ti ń wò láti 1951 tí wọ́n bá fẹ́ to irú ẹ̀rọ yìí. Pé ìwé náà wà lọ́wọ́ èèyàn kò sọ ọ́ di aṣojú wọn. P601 sì rèé, àyẹ̀wò ẹ̀rọ ló wà fún, P602 ni ti bí wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀. Olùkọ́ wa ní P601 á sọ wá di ẹni tó ń ṣètò ẹ̀rọ. Kò mọ ohun tó ń tà pàápàá! Àmì QR tó wà lórí ìwé náà, ojú ìkànnì ọkùnrin tó gba owó mi fúnra rẹ̀ ló gbé mi lọ. Mo kọ ímeèlì sí ẹgbẹ́ tó ni P601, wọ́n ní kò sí nọ́ńbà tó wà lórí sátífíkéètì mi lọ́dọ̀ àwọn.

Nígbà tí mo bá ọkùnrin náà wí, ìwé CAC ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin ará, CAC ń sọ pé wọ́n forúkọ òwò sílẹ̀ ni. Oníbúrẹ́dì àdúgbò mi náà ní CAC. BOHS àti OHTA ní orúkọ àwọn olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lórí ìkànnì wọn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá a, kì í ṣe lórí fláyà. Nílé níbí, ẹ bi ISPON, ẹgbẹ́ àwọn onísáfẹ́tì Nàìjíríà tí òfin 2014 gbé kalẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti sanwó, ẹ sáré lọ sí báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́. Èmi dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lọ, wọ́n ní akáǹtì náà ti gbẹ.

Ọkùnrin náà ti dí nọ́ńbà mi pa báyìí. Àmọ́ àbúrò mi kan fi fláyà tuntun ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ àná: orúkọ ti yàtọ̀, owó ti di ₦210,000, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sì kù díẹ̀. Wọ́n fi àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé sátífíkéètì sókè, sí àárín rẹ̀. Èmi ni.