Proxmox tàbí VMware: èwo ni ká rà fún nẹ́tíwọ̀kì àwọn VM wa?

Ẹni tó bá fẹ́ gbé cloud tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọ́fíìsì, RAM àti dísìkì ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Nẹ́tíwọ̀kì àwọn VM (kọ̀ǹpútà tí kò ní ara, tó ń ṣiṣẹ́ nínú server) kì í sábà wá sí i lọ́kàn, àfi ìgbà tí owó bá ti jáde tán, tí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rí kọ̀ǹpútà akápò. Proxmox àti VMware ni ètò tó ń pín server kan sí ọ̀pọ̀ VM. Mo ti fi méjèèjì ṣiṣẹ́ fún oníbàárà, ojú mi sì ti rí tó.

Bí ẹ bá ti fi Proxmox sórí server, vmbr0 ni ẹ ó bá nílẹ̀. Ẹ kà á sí swíìṣì tí kò ní ara: gbogbo VM ló so mọ́ ọn, òun náà sì so mọ́ ihò wáyà tó wà lẹ́yìn server. Ẹ tẹ àpótí kékeré tí wọ́n kọ “VLAN aware” sí (VLAN ni fífi nọ́ńbà pín nẹ́tíwọ̀kì kan sí ẹ̀ka tí kò rí ara wọn), kí ẹ wá fún VM kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: 10 fún akápò, 20 fún kámẹ́rà, 30 fún Wi-Fi àlejò. Ó parí.

Ọ̀nà méjì ni VMware ní. Standard Switch dá wà lórí server kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa tún port group (ẹ̀ka nẹ́tíwọ̀kì tí àwọn VM so mọ́) kan náà ṣe lórí gbogbo wọn. Bí ẹ bá kọ “Kamera” síbí, tí ẹ kọ “kamera” sọ́hùn-ún, nẹ́tíwọ̀kì méjì ló kà á sí. Distributed Switch ló ń gbani lọ́wọ́ ìyẹn: inú vCenter, ibi tí a ti ń darí gbogbo server VMware, ni ẹ ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó sì kárí. Ṣùgbọ́n kì í bá láísẹ́ǹsì Standard wá.

Mo gbóríyìn fún VMware níbì kan. Bí àṣìṣe yín lórí Distributed Switch bá já server kúrò lọ́dọ̀ vCenter, ó máa dá ara rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Proxmox kò mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ kan, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀, mo kọ orúkọ ihò wáyà eno2 síbi tó yẹ kí n kọ eno1, mo tẹ Apply Configuration, ojú ewé tí mo fi ń darí rẹ̀ kàn dúró gbagidi. Èmi náà ni mo gbé mọ́níto àti kíbọ́ọ̀dù gun àtẹ̀gùn lọ bá server, tí mo fọwọ́ tún fáìlì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀, /etc/network/interfaces, kọ.

Owó wá ńkọ́? Broadcom ra VMware ní oṣù kọkànlá 2023, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa láísẹ́ǹsì àràgbé tì. Iye core (ọpọlọ tó wà nínú CPU) ni wọ́n ń kà báyìí. CPU tó ní core 8 pàápàá, 16 ni wọ́n máa kà fún un. Dọ́là sì ni. Ẹni tó jẹ́ náírà ló ń wọlé fún un mọ ohun tí mò ń sọ. Proxmox kò ti apá kankan mọ́ ẹni tí kò sanwó. Ìrànlọ́wọ́ àti àtúnṣe tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa ni owó ọdọọdún rẹ̀ wà fún, CPU ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe core.

Àwọn ontàjà fẹ́ràn láti máa fi VXLAN, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń pín nẹ́tíwọ̀kì, polówó. VLAN kò ju 4094 lọ, VXLAN lé ní mílíọ̀nù 16. Ta ló ní ẹ̀ka 4094 nínú yín? Ó tún ń fi báìtì 50 kún ẹrù kọ̀ọ̀kan, tí MTU (ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù tó lè kọjá) 1500 fi ń di 1450. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ping (àṣẹ tó ń dán ìsopọ̀ wò) á máa lọ geere, ojú ewé á kọ̀, kò ní ṣí. Ẹ tẹ ping -M do -s 1422: bí ìyẹn bá kọjá tí 1472 kò kọjá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

OpenStack, ètò tí a fi ń gbé cloud ńlá kalẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ kì í bá ta cloud fún ẹlòmíì, ẹ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹnì kan kọ́.

Fún ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn aládàáni tó ní server méjì mẹ́ta, Proxmox ni mo máa rà. Owó tó ṣẹ́kù, ẹ fi ra káàdì nẹ́tíwọ̀kì kejì àti swíìṣì tó mọ VLAN. Swíìṣì olówó pọ́ọ́kú tí kò mọ VLAN á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Báǹkì tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń lo VMware láti ọdún mẹ́wàá, kó má ṣí kúrò torí owó nìkan.

Èyí tó wù kí ẹ mú, kí ẹ tó sanwó, ẹ máa ping VM kan lọ, kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fa ọ̀kan nínú wáyà nẹ́tíwọ̀kì méjì tó wà lẹ́yìn server yọ. Bí ping bá fo ẹyọ kan tàbí méjì tó sì ń bá a lọ, ó so wáyà méjèèjì pọ̀ dáadáa. Bó bá dákẹ́ pátápátá, ẹ di owó yín mú.