Wákàtí Mẹ́ta ní Bijlmer: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ní Amsterdam

Yúrò 25 ni mo san, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n dá fún wa. Èèyàn mọ́kànlá ni wá. Màmá kan, ọmọ Suriname ní South America, tó ti ń gbé Bijlmer, àdúgbò kan ní Amsterdam, láti kékeré, ló mú wa rìn. Bí ẹ bá ń kánjú, ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju pé kí ẹ lọ. Àmọ́ ibi tó kù díẹ̀ káàtó wà níbẹ̀, màá sọ ọ́.

Rotterdam ni mo ń gbé. Ohun tí mo máa ń gbọ́ nípa Bijlmer níbi iṣẹ́ kò ju olè, oògùn olóró àti ẹ̀wọ̀n lọ. Orí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yẹn gan-an ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ilé ẹ̀wọ̀n tí gbogbo Netherlands ń pè ní Bijlmerbajes, kò sí ní Bijlmer rárá. Apá ibi tó sún mọ́ ìgboro ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n kàn fi orúkọ àdúgbò wọn pè é. Ọdún 2016 ni wọ́n tì í pa, orúkọ náà ò tíì kúrò lára wọn. Bí Màmá ṣe sọ ọ́, mo rí i pé ó ṣì ń dùn wọ́n.

Iwájú ibùdókọ̀ ojú irin Bijlmer ArenA la ti gbéra. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé gbígbé ò tó ní Amsterdam, ni àwọn ayàwòrán ilé ìlú náà, tí Siegfried Nassuth ṣáájú wọn, bá ya àdúgbò tuntun sórí ilẹ̀ oko. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́wàá tó gùn lọ rẹrẹ, tó ń ṣẹ́ kọ́nà bí ihò afárá oyin, koríko àti igi láàárín wọn. Wọ́n gbé títì mọ́tò sókè, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, kí ọkọ̀ má baà gbá ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní 1968 làwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé. Mo dúró, mo wòkè. Èrò rere ló wà lọ́kàn ẹni tó ya ilé wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ilé ilẹ̀ tó ní ọgbà tirẹ̀ ni àwọn òyìnbó tí wọ́n tìtorí wọn kọ́ ọ ń fẹ́. Owó ilé ga, ṣọ́ọ̀bù ò tó, ọdún 1977 ni mẹ́tírò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilé wá ń ṣófo. Àsìkò yẹn náà ni Suriname ń múra àtigba òmìnira lọ́wọ́ Netherlands, tó bọ́ sí November 25, 1975, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wọkọ̀ òfuurufú wá sí Netherlands kí ilẹ̀kùn tó tì. Ilé ṣófo, èèyàn ò rílé gbé, síbẹ̀ àwọn tó ń yáni nílé ò fẹ́ kí ọmọ Suriname pọ̀ níbẹ̀. Ní 1974, àwọn ìdílé kan kúkú wọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní Gliphoeve láìgbàṣẹ, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Àbúrò bàbá Màmá wà lára wọn. Wọ́n ní mátírẹ́ẹ̀sì méjì àti ìkòkò kan ló gbé wọlé.

Ibi igi ìrántí kan ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá lọ fara balẹ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, October 4, 1992, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù ilé iṣẹ́ El Al ti Israel gbéra ní Schiphol, pápákọ̀ òfuurufú Amsterdam. Ẹ́ńjìnnì méjì já bọ́ lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa padà, ó sì já lu orígun tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Groeneveen àti Klein-Kruitberg ti pàdé ní Bijlmer níbí. Èèyàn 43 ni ìjọba kà pé ó kú, mẹ́rin nínú wọn wà nínú ọkọ̀ náà. Àmọ́ àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú ń gbé nínú ilé yẹn, ará Ghana àti àwọn mìíràn, tí orúkọ wọn ò sí lọ́dọ̀ ìjọba. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ò gbà pé iye yẹn pé. Igi kan dúró síbẹ̀ tí iná ò pa. Igi tó rí ohun gbogbo ni wọ́n ń pè é.

Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ẹ máa ń wá síbí?”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbogbo October 4. Aládùúgbò mi wà ńbẹ̀.”

Ìṣẹ́jú méje péré la lò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn ń dúró de Màmá, ilé iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn náà ló fún àkókò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi ò dùn sí i rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Ogún ìṣẹ́jú ò pọ̀ jù fún ibi tí èèyàn ti kú.

A gba ẹ̀gbẹ́ Kleiburg kọjá, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ wó bí wọ́n ṣe wó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tà á ní yúrò kan ṣoṣo fáwọn tó fẹ́ tún un ṣe, àwọn tó ra ilé nínú rẹ̀ sì parí inú rẹ̀ fúnra wọn. Ní 2017, ó gba ẹ̀bùn Mies van der Rohe, ẹ̀bùn ńlá fún ilé kíkọ́ ní Yúróòpù. Lẹ́yìn náà la dé gbàgede Anton de Kom, ọmọ ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú, tó gbéjà ko ìjọba amúnisìn ní Suriname, tó tún gbógun ti àwọn Nazi, tó sì kú sí àgọ́ wọn ní 1945. Ère rẹ̀ kò wọ aṣọ. Màmá ò fẹ́ràn ìyẹn, wọ́n ní ọkùnrin tó kàwé, tó máa ń wọ kóòtù ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Wọ́n kọ ọ́ pé oúnjẹ wà nínú owó. Bara kan ṣoṣo ni. Àwọn ará India tí wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ oko ní Suriname láti 1873 ló mú un débẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é, bí ẹ bá bù ú jẹ, ẹ ó rántí àkàrà. Mo fowó ara mi ra bakabana, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rì bọ ìyẹ̀fun pípò kí wọ́n tó dín in, tí wọ́n fi ọbẹ̀ ẹ̀pà jẹ. Èmi ọlọ́dòdò, mo ra ìkejì.

Màmá tún ṣàlàyé Kwaku, àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù gbígbá ní 1975. Orúkọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Wednesday ni Kwaku lọ́dọ̀ àwọn Akan ilẹ̀ Ghana, Wednesday sì ni July 1, 1863, tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Suriname. Bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Abíọ́sẹ̀, ó yé mi kíákíá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ti Màmá nìkan ì bá pé márùn-ún. Bí ẹ bá lọ, ẹ gbé aṣọ òtútù dání, atẹ́gùn ń fẹ́ láàárín àwọn ilé yẹn, kí ẹ sì dúró sún mọ́ Màmá nítorí ohùn wọn ò lọ sókè. Bí wọ́n bá ti tú yín ká, ẹ wọ mẹ́tírò 53, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Kraaiennest, kí ẹ padà síbi igi náà láìsí ẹni tó ń lé yín. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan ń gbá ewé kúrò lórí àwọn òkúta aláwọ̀ tí wọ́n tò yí igi ká, ó kí mi, mo kí i, mo bá a mú àpò ewé náà dání títí ó fi kún.