Camry Dúdú Mi Lẹ́yìn Òjò Mẹ́ta: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Pọ́líìṣì àti Àwọn Ohun Èlò Rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Karùn-ún, mo yà sí ilé epo kan ní Challenge, ní Ìbàdàn, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láti sanwó. Iná funfun tó wà lábẹ́ òrùlé ilé epo náà tàn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi, ohun tí mo rí sì mú kí n gbàgbé owó tó wà lọ́wọ́ mi. Láti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé gíláàsì iwájú, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ló kún ibẹ̀, tí wọ́n yí òjìji iná náà po bí òwú aláǹtakùn tí ìrì sẹ̀ sí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ṣáájú alẹ́ yẹn ni mo san ₦45,000 fún ilé iṣẹ́ kan pé kí wọ́n bá mi yọ àwọn ìlà wọ̀nyẹn gan-an kúrò. Lọ́jọ́ tí mo gba mọ́tò náà lọ́wọ́ wọn, ó ń dán débi pé mo fi ilẹ̀kùn rẹ̀ tún gèlè mi ṣe. Òjò mẹ́ta ló rọ̀ láàárín ìgbà náà. Gbogbo ìlà náà sì ti padà sí àyè wọn, ẹyọ kan kò dín.

Toyota Camry ọdún 2008 ni mọ́tò náà, tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Muscle, dúdú kirikiri sì ni. Ẹni tó ń wa mọ́tò aláwọ̀ fàdákà lè máa fọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú fún ọdún márùn-ún kí ojú rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ hàn án, nítorí pé àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Dúdú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú àwọ̀ dúdú, inú ibẹ̀ ló ń gbé. Kìkì èyí tó bá ta padà lójú òkè ni à ń rí, bíi ti dígí, tó fi jẹ́ pé bí ìlà kan bá wà lójú òkè náà, bó ti wù kó kéré tó, etí rẹ̀ yóò máa kọ mọ̀nà. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá títì ló fi ìlà sára tèmi: fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gé, tó bọ́ sórí yanrìn, tí wọ́n tún mú, tí wọ́n sì tì bọ inú korobá ọṣẹ ìfọṣọ kan náà tí wọ́n fi fọ táyà. Èmi ni mo ń sanwó fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún ọdún méjì gbáko, mo sì gbà pé ẹ̀bi tèmi ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ti ₦45,000 kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹnikẹ́ni kò gbé e. Mo ya àwòrán bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n kà á, wọn kò sì fèsì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin tó ń jókòó nídìí tábìlì kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó fún mi ní omi inú ọ̀rá tó tutù, ó sì sọ pé ọ̀gá ń bọ̀ láìpẹ́. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó síbẹ̀. Inú yàrá kejì ni ọ̀gá náà wà ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì gbọ́ ìgbà tó bèèrè pé, “Ṣé màmá yẹn ò tíì lọ ni?” Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù, ó ju ti owó lọ.

Nígbà tó jáde, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé, “Mọ́mì, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?” Mo ní omi ni, àti ṣáńpù mọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ tà fún mi ní ₦6,000. Ó ní a jẹ́ pé òjò ni. Mo ní òjò kì í ha ọ̀dà. Ó ní iná ilé epo kò dára, pé kò sí mọ́tò tí yóò dúró sábẹ́ rẹ̀ tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo mú un jáde sínú oòrùn, mo fi bọ́nẹ́ẹ̀tì náà hàn án. Nígbà náà ló wá sọ pé ohun tí mọ́tò mi ń fẹ́ ni ceramic coating, ìyẹn ohun olómi tí wọ́n ń kùn lé ojú ọ̀dà láti dáàbò bò ó, pé ₦180,000 ni, pé 9H ni líle rẹ̀, òkúta pàápàá kò lè họ ọ́. Kí n tó lọ síbẹ̀ ni mo ti ka ọ̀rọ̀ nípa 9H yẹn. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: wọ́n ń fa oríṣiríṣi pẹ́ńsùlù, láti orí èyí tó rọ̀ dé orí èyí tó le, kọjá lójú ohun tí wọ́n kùn, 9H sì ni pẹ́ńsùlù tó le jù nínú ìwọ̀n náà. Yanrìn ojú títì le ju pẹ́ńsùlù lọ fíìfíì. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíi gíláàsì ni coating. Bí wọ́n bá kùn ún lé ojú tí ìlà ti kún, ńṣe ni wọ́n ti àwọn ìlà náà mọ́ abẹ́ rẹ̀, àti yọ wọ́n yóò sì wá di iṣẹ́ méjì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun ní ìpàdé, ó sì wọlé lọ.

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò láti máa lọ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó ti ń nu mọ́tò mìíràn ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀, tẹ̀lé mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín.” Ìgò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n po sípíríìtì àti omi sínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀ ṣì ń dán díẹ̀ nítorí pé ògiri ilé mi máa ń gba òjò fún un. Ó fọ́n ìwọ̀nba omi náà sí ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára ilẹ̀kùn yẹn, ó sì rọra nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdán ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn, àwọn ìlà sì jáde síta lójú mi. Ó ní, “Òróró àti nǹkan ìdíhò ló wà nínú ohun tí a fi pa á, mà. Ó kún inú àwọn ìlà náà ni. Kò gé wọn kúrò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín.”

Ọmọ iṣẹ́ ni, ọ̀gá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn fèrèsé. Gbogbo ìbínú tí mo gbé wá rọlẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, bí ẹ bá máa gba mọ́tò dúdú lọ́wọ́ ẹni tó ṣe pọ́líìṣì sí i, ẹ ní kí ó fi sípíríìtì tí wọ́n fi omi là nu ibi kékeré kan lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá kọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ìdí tábìlì jáde wá sọ fún mi pé wọn yóò tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́, bí mo bá lè wá ohun èlò fúnra mi. Mo gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ orúkọ méjì sí bébà fún mi: Meguiar's M205, tí í ṣe pọ́líìṣì tó ń gé díẹ̀díẹ̀, àti M105, èyí tó ń gé gan-an. Ó kìlọ̀ fún mi pé ọ̀dà dúdú tèmi rọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí a má nílò èkejì rárá. Ìgò tí mo kọ́kọ́ rí rà, wọ́n ti já ìdè ẹnu rẹ̀, ohun inú rẹ̀ sì ṣàn bí omi ògì. Mo dá a padà. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní London ló wá bá mi fi méjèèjì ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà, mo sì jókòó tì í ní ọjọ́ àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ó fọ mọ́tò náà pẹ̀lú korobá méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan ìbọ̀wọ́ tó fi ń fọ̀ ọ́, kí yanrìn má bàa padà sójú ọ̀dà. Lẹ́yìn èyí ló mú amọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú mọ́tò, tó rọ̀ lọ́wọ́ bí òkèlè ẹ̀bà, ó ń fi í yọ̀ lórí omi ọṣẹ, amọ̀ náà sì ń kó oje igi àti èérí irin bíréèkì jáde lára ọ̀dà tí mo rò pé ó ti mọ́. Ó wá fi téèpù bébà pín bọ́nẹ́ẹ̀tì sí méjì. Ẹ̀rọ tó lò kì í yí lójú kan. Ó ń yí, ó sì ń gbọ̀n káàkiri, nítorí pé èyí tó ń yí lójú kan máa ń tètè mú ọ̀dà gbóná, ó sì lè jó etí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé irin bí ọwọ́ ẹni tó mú un kò bá balẹ̀. Fóòmù rírọ̀ ló fi sí i, pẹ̀lú ẹ̀kán M205 mẹ́rin.

Nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà sókè, fóòmù funfun ti dúdú bí èédú. Mo pariwo. Mo rò pé ó ti bó ọ̀dà mọ́tò mi. Kò bá mi jiyàn; ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó tọ́ka sí àkọlé kékeré tó wà lára òpó ibẹ̀, níbi tí wọ́n kọ 202 sí gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà àwọ̀. Ó ṣàlàyé pé lára púpọ̀ nínú àwọn Toyota tó ní dúdú yìí, ìpele kan ni ọ̀dà náà: àwọ̀ àti ìdán wà pa pọ̀, kò sí clear coat, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tí wọ́n máa ń dà lé àwọ̀, lórí rẹ̀, nítorí náà àwọ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ń kàn. Ẹ̀rí rẹ̀ fara hàn nígbà tó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Fóòmù kò dúdú níbẹ̀ rárá. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn nínípọn ọ̀dà lé e: níbi tí òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ 98 sí 110 máíkírọ́ọ̀nù, ilẹ̀kùn yẹn jẹ́ 236. Ẹnì kan ti tún un kùn, wọ́n sì ti da clear coat lé e, kí n tó ra mọ́tò náà. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ ọ́. Ibẹ̀ nìkan la ti lo M105. Ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan, ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀dà tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ohun tí ẹ̀rọ bá sì gé kúrò lára rẹ̀ kì í padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó ní mọ́tò dúdú pé kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun èlò tó rọ̀ jù.

Ó ṣí téèpù náà kúrò. N kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ tán: lápá òsì, òwú aláǹtakùn, lápá ọ̀tún, dúdú bí omi kànga jíjìn, tí mo rí ewé igi máńgòrò tó wà lókè wa nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún fi sípíríìtì nù ún lójú mi. Kò yí padà.

Ní ti ohun ìdáàbòbò, èmi fúnra mi ni mo dán wọn wò lórí ìdérí búùtù, láti oṣù Kẹfà di oṣù Kẹsàn-án. Apá kan gba ìda carnauba, tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl. Ìda yìí le ju ìda oyin lọ, kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 80°C. Kò sí èyí tó mú kí dúdú jinlẹ̀ tó o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, omi kò ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Apá kejì gba Collinite 845, tí carnauba wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn. Ìdán rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n títí oṣù Kẹsàn-án fi parí ni omi ṣì ń yí dànù lára rẹ̀. Apá kẹta gba ceramic tí wọ́n ń fọ́n. Omi ń sáré lórí rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, àmọ́ omi bohóòlù ilé wa ń fi àmì funfun sílẹ̀ níbẹ̀ bí mi ò bá tètè nù ún. Collinite ni mo yàn fún gbogbo ọdún, mo sì fi carnauba sílẹ̀ fún ọjọ́ ìnáwó. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ má fi sí mọ́tò dúdú nínú oòrùn. Nígbà tí ọwọ́ kò bá ti lè dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ fi sí i yóò gbẹ mọ́ ọn kí ẹ tó rí aṣọ mú.

Títí di òní, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀ mí. Wọ́n kọ “iṣẹ́ ọ̀fẹ́” sórí rìsíìtì kejì, bí ẹni pé wọ́n ta mí lọ́rẹ. Pọ́líìṣì tó ta sí ike dúdú tó wà nídìí wáípà ti gbẹ, ó di funfun, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yọ ọ́. Mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣe àdéhùn fún Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, kí ọyẹ́ tó dé, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀.

Máàkì: 4 nínú 5.