ÌKÌLỌ̀: SSD 2TB tí wọ́n ń tà ní ₦28,000 yẹn, 64GB ló wà nínú ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ ń ya fọ́tò àti fídíò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí external, ìyẹn ohun tá à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti tọ́jú fáìlì sí, tí wọ́n ń pè ní SSD 2TB (TB kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún GB), èyí tó kéré bí àpótí ìṣáná, tí wọ́n kọ 2TB gàdàgbà sí lára, tí wọ́n ń tà ní ₦25,000, ₦28,000, kódà ₦18,000 tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n ná. Irọ́ ni. Mi ò sọ pé kò lágbára tó o, mi ò sọ pé ó ń falẹ̀, irọ́ pọ́ńbélé ni mo ní, 2TB ò sí níbẹ̀ rárá. Mo ti ra ọ̀kan, ó sì ti ba nǹkan tí owó ò lè rà padà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Láptọ́ọ̀pù mi ti kún. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò á mọ̀, ìgbéyàwó kan ṣoṣo, kámẹ́rà méjì, ó lè gba 120GB kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun kúrò nínú ẹ̀. Mo bá gba Computer Village n'Íkẹjà lọ, mi ò tíì rìn dé àárín Òtígbà tí ọmọkùnrin kan fi lẹ̀ mọ́ mi, "Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ rà, láptọ́ọ̀pù ni àbí fóònù, ẹ jẹ́ n mú yín lọ síbi tí wọn ò ti ní rẹ́ yín jẹ." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀ mọ irú wọn. Mo ní hard drive 1TB ni mo ń wá, ó ní kí lẹ fẹ́ fi èyí tó ń yí gìrìgìrì nínú ṣe, SSD ló wà nílùú báyìí, 2TB, tuntun, ọ́ríjínà, ó ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀. Ó mú mi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, orí tábìlì ìta ni o, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù, ó kì í bọ láptọ́ọ̀pù kan, lóòótọ́ ó kọ 1.95TB síbẹ̀, mo fi ojú mi méjèèjì rí i. ₦35,000 ló kọ́kọ́ pè é, a ná an di ₦28,000, mo tíránsífà sí àkáǹtì tí orúkọ ẹ̀ ò jọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan, ó já ìwé "cash sales invoice" tí wọ́n ń tà káàkiri yẹn fún mi, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, mo sì kí i pé ó ṣeun.

Inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé nǹkan tó ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lọ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù gidi, báwo ló ṣe di ₦28,000 lórí tábìlì ìta.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kó iṣẹ́ mẹ́ta sí i. Ìkómọ kan ló kọ́kọ́ wọlé, ìsìnkú kan tẹ̀ lé e, ìgbéyàwó tá a ṣe l'Ábẹ́òkúta ló kẹ́yìn, òun ló tóbi jù. Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe tó burú jù rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o: mi ò copy wọn, mo cut wọn ni, torí mo fẹ́ kí àyè wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. Ó ń kó o lọ títí dòru, ó falẹ̀ gan-an, mo ní bóyá torí pé ẹrù ọ̀hún pọ̀ ni. Nígbà tí mo jí, gbogbo fóòdà pé, gbogbo orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ìwọ̀n wọn gan-an pé. Mo bá fọ káàdì kámẹ́rà àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé mo pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, mo gbé e lọ òde míì lọ́jọ́ Sátidé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé fídíò ìgbéyàwó yẹn, kò sí. Ìkómọ ṣí, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ. Ìsìnkú ṣí dé ibì kan, ló bá dúró. Ìgbéyàwó, mo tẹ àkọ́kọ́, kò ṣí, mo tẹ ìkejì, kò ṣí, mo ṣí fọ́tò, ìdajì lókè dára, ìdajì nísàlẹ̀ eérú, òmíràn ò tiẹ̀ lójú rárá. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ìyá ìyàwó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn pé òun kàn fẹ́ rí ibi tí bàbá ìyàwó ti ń gbàdúrà fún ọmọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ara bàbá ò yá, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi tì wọ́n wọlé.

Mo gbé e lọ fún àbúrò kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. Kò tiẹ̀ kì í bọ kọ̀ǹpútà tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ rà á?" Mo sọ fún un, ó mi orí. Ó fi ọ̀bẹ ya á, ike lásán ni. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju pátákó kékeré kan lọ, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ káàdì mẹ́mọ́rì 64GB mọ́, irú káàdì tá à ń kì bọ fóònù gan-an ni o, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi sí i kó lè wúwo lọ́wọ́. Irin! Wọ́n rò ó débẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà ò lè wo inú dìráífù fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú gbogbo fláàṣì àti SSD tí wọ́n ń pè ní controller, òun ni kọ̀ǹpútà máa ń bi pé báwo lo ṣe tóbi tó, èsì tó bá sì fọ̀ ló máa gbé síwájú yín. Ohun tí àwọn oníjìbìtì yìí wá ṣe ni pé wọ́n ti kọ́ controller yẹn pé kó máa dáhùn pé 2TB lòun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra gàrì lọ́jà mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, tẹ́ ẹ bá wò ó lókè ó kún, ó tún ga gègèrè, ìgbà tẹ́ ẹ bá dà á sínú ọ̀rá lẹ máa mọ̀ pé kò pé. Ọgbọ́n yẹn náà ni. Àmọ́ ti gàrì, ẹ á rí iye tó kù, èyí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí i, torí tí 64GB bá ti kún, kò ní pariwo, kò ní sọ pé òun ò lè gbà mọ́, á máa gba fáìlì lọ, á máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ó ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń dà á nù, àwọn míì sì máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á máa kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Orúkọ fáìlì á wà digbí torí ìbẹ̀rẹ̀ dìráífù, níbi tó jẹ́ òótọ́, ni wọ́n ń kọ orúkọ sí. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ pé lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo padà sí Íkẹjà. Tábìlì ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun ò mọ ọmọ náà rí, ìta lòun ń rí wọn. Ìgbà tí mo padà rí i lọ́nà Pepple ní ọjọ́ kejì, ó ní mo ti já a sílẹ̀ ni, ó ní ọjà tí mo ti lò, òun ò lè gbà á padà. Mi ò ní fi àwòrán ẹ̀ síbí torí mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ lu ọmọ ọlọ́mọ, àti pé kì í ṣe òun nìkan, ọjà náà ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, ó wà lórí status WhatsApp, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n tiẹ̀ ń ta 16TB báyìí. SSD 16TB tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ní iye tí ẹ fi ń ra bàtà, ẹ ò ní rí i níbikíbi láyé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á lóòótọ́, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tiyín dání. Kẹ́ ẹ má gba tiwọn gbọ́, kẹ́ ẹ sì má gba nọ́ńbà tó bá kọ síbẹ̀ gbọ́. Ojúlówó 1TB, bíi 931GB ni Windows máa kọ, 2TB máa ń jẹ́ bíi 1.81TB, torí ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ gbà ń kà á àti ti Windows ò dọ́gba, èyí tó bá kọ 1.95 bíi tèmi tàbí 2TB géérégé, ẹ fura, àmọ́ èyí tó bá kọ 1.81 náà lè máa purọ́, kẹ́ ẹ má fọkàn tán an torí ìyẹn. Ẹ kó fóòdà 10GB kan sí i níwájú wọn, ẹ lo ihò USB 3, tí láptọ́ọ̀pù yín bá ní SSD nínú kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, tó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, káàdì fóònù lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀ ẹ máa lọ. Àpù kan wà tó ń jẹ́ ValiDrive, ọ̀fẹ́ ni, ti Windows ni, ibi 576 ló máa ń kàn yẹ̀ wò káàkiri dìráífù, kò pẹ́ rárá, ẹ lè ṣe é lórí ìdúró ní ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ lo H2testw, ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ c't ní Jámánì ló ṣe é, ó máa kọ nǹkan kún dìráífù náà pátápátá, á sì kà á padà, ó lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ayédèrú torí bó ṣe ń falẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ẹni tó bá ń lo Mac tàbí Linux, F3 ni tiyín. Èyí tí àbúrò yẹn fi H2testw yẹ̀ wò fún mi, bíi 59GB péré ló ní ó dáa (64GB náà nìyẹn, bí Windows ṣe ń kà á), ó ní ìyókù ti sọnù.

Ẹ má sì pa fáìlì rẹ́ níbi tẹ́lẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí i níbi tuntun. Ẹ ṣí ti ìkẹyìn, kì í ṣe ti àkọ́kọ́, torí ti àkọ́kọ́ sábà máa ń ṣí.

Èyí tó tún ń dùn mí ni àwọn tó máa ní àwọn á bá yín "recover" ẹ̀. Ẹnì kan ti gba ₦40,000 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan lórí irú nǹkan yìí. Nǹkan tí kò wọlé rí, ibo ni wọ́n fẹ́ ti yọ ọ́? Ibi tẹ́ ẹ ti lè rí nǹkan ni káàdì kámẹ́rà tàbí láptọ́ọ̀pù tó ti wà tẹ́lẹ̀, tẹ́ ò bá tíì kọ nǹkan míì lé e, kẹ́ ẹ dáwọ́ lílò ẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi PhotoRec, àpù tó ń wá fáìlì tó ti parẹ́, wá a, òun náà ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti owó, tẹ́ ẹ bá ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù tó ní nọ́ńbà, tí orúkọ rìsíìtì bá orúkọ àkáǹtì mu, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ bá CAPDAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, tàbí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kódà LASCOPA tó jẹ́ ti ìjọba Èkó. Òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ìwé "a kì í gba ọjà padà" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Èmi ò ní rìsíìtì kankan tó nítumọ̀ tí mo lè gbé lọ, ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo ẹ̀ fún yín.

Káàdì kámẹ́rà kejì wà lápò mi, mi ò tíì fọ òun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ti àríyá wà níbẹ̀ pátá, ijó àti ìnáwó. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kò sí, kámẹ́rà àkọ́kọ́ ló wà lọ́hùn-ún. PhotoRec yọ fọ́tò mọ́kànlá fún mi nínú káàdì àkọ́kọ́, bàbá wà nínú méjì, wọn ò tíì gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí nínú ọ̀kankan. Mo ti lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ìyàwó, mo dá gbogbo owó wọn padà. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà àwọn tó jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, mo ti pe mẹ́tàdínlógún báyìí láti béèrè ẹni tó fi fóònù gba àdúrà yẹn sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló kù.